Kírísítálì bàbà tó ń pa àwọ̀ dà nínú ooru: bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é kó má yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà òjò

Kírísítálì náà kì í kọ̀ láti jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ po copper chloride (iyọ̀ bàbà) mọ́ diethylamine hydrochloride (iyọ̀ funfun tó ní náítírójínì nínú) nínú ọtí gbígbóná, ẹ gbé e sínú yìnyín, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín aláwọ̀ ewé á sì máa hù láti ara dígí bí ìgbà tí koríko bá ń yọrí. Orí asẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́. Ẹ ò ní tíì fọ asẹ́ náà tán tí abẹ́rẹ́ tó le á ti máa rọ̀, á máa dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, kó tó di pé ó di omi ewé dúdú tó ń gba inú pépà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní bóyá òun ṣi ìwọ̀n gbé, tàbí kẹ́míkà ti pẹ́ jù nínú ìgò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Omi inú afẹ́fẹ́ ló jẹ iṣẹ́ náà.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ní láàbù ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo wọn ló rí abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí ẹgbẹ́ kan tó ní ohun tó ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo tún un ṣe pẹ̀lú kẹ́míkà inú ìgò kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọtí kan náà. Abẹ́rẹ́ náà dúró gbọn-in. Látìgbà yẹn ni mo ti ń to iṣẹ́ yìí bí mo ṣe tò ó sísàlẹ̀ yìí, kó lè ṣeé ṣe lójọ́ òjò náà.

Orúkọ ohun tá a fẹ́ ṣe ni bis(diethylammonium) tetrachlorocuprate(II), [(C₂H₅)₂NH₂]₂CuCl₄. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kábọ́ọ̀nù àti náítírójínì, irú èyí tá à ń bá nínú ohun ẹlẹ́mìí. Apá kejì jẹ́ bàbà tí kílóráìdì mẹ́rin yí ká. Àwọn méjèèjì gbé pọ̀ nínú kírísítálì kan. Bí ooru bá dé nǹkan bí 52 sí 53 °C, àwọ̀ ewé rẹ̀ á di ti ìyeyè. Bó bá tutù, á padà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó tan iná. Iṣẹ́ yìí kò fàyè gba pé kéèyàn máa sáré wá nǹkan kiri nígbà tí fíláàsìkì bá ti ṣí sílẹ̀.

- Diethylamine hydrochloride, gíráàmù 2.20
- Copper(II) chloride dihydrate, aláwọ̀ búlúù tó fara jọ ewé, gíráàmù 1.70
- Isopropanol tí kò dín ní 99%: mL 15 fún ìpòpọ̀, mL 15 mìíràn fún fífọ̀
- Ethanol pátápátá, èyí tí kò ní omi nínú: mL 4 fún ìpòpọ̀, mL 2 mìíràn fún àyẹ̀wò
- Copper sulfate díẹ̀, fún àyẹ̀wò
- Silica gel tó gbẹ, tàbí calcium chloride (ohun tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra)
- Yìnyín tí ẹ ti fọ́ wẹ́wẹ́, pẹ̀lú iyọ̀ ìsebẹ̀ ìkúnwọ́ kan
- Fíláàsìkì mL 50 méjì tó ní ìdérí rọ́bà tó lè há gádígádí, àti túùbù kékeré kan tó ní ìdérí
- Desiccator, ìyẹn ìkòkò tó ń dé pa, tá a fi silica gel sínú rẹ̀ kí ohun tá a bá gbé síbẹ̀ lè gbẹ. Bí kò bá sí, ike ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí ìdérí rẹ̀ le, tí fíláàsìkì yín lè wọ inú rẹ̀
- Túùbù tín-ín-rín tá a fi ń wo ìwọ̀n ooru tí nǹkan fi ń yọ́
- Tẹmómítà, hot plate (pẹpẹ oníná mànàmáná tó ń mú nǹkan gbóná), ìkòkò omi gbígbóná
- Ìbọ̀wọ́, awò tó bo ojú, aṣọ láàbù

Bàbà inú iyọ̀ yìí lóró béèyàn bá gbé e mì, ó sì lè ta èèyàn lójú àti lára. Ọtí méjèèjì máa ń gbiná kíákíá, torí náà orí hot plate nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa gbé wọn kaná, inú omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná tó ń jó gbelegbele.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìgò tẹ́ ẹ máa mú lórí pẹpẹ. *Diethylamine* àti *diethylamine hydrochloride* kì í ṣe nǹkan kan náà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ omi tó ń rùn bí ẹja tó ti ń bàjẹ́, ó sì ń hó ní 55 °C. Ti èkejì jẹ́ ìyẹ̀fun funfun. Ẹni tó bá da ti àkọ́kọ́ sí bàbà máa rí àwọ̀ aró tàbí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù, kò sì ní rí abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé láéláé. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí pé orúkọ tó wà lára ìgò gùn, ojú sì ń dúró síbi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

1. Ẹ lé omi jáde kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kó fíláàsìkì, ọ̀pá dígí àti túùbù sínú ààrò láàbù ní 110 °C fún wákàtí kan. Ẹ tẹ́ diethylamine hydrochloride sórí dígí pẹrẹsẹ kó fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì fi í sínú ààrò náà ní nǹkan bí 100 °C fún wákàtí kan sí méjì. Iyọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ń fa omi. Bí ìgò rẹ̀ bá ti ń ṣí tó ń pa fún ọdún kan, ohun tẹ́ ẹ wọ̀n kì í ṣe iyọ̀ nìkan mọ́. Inú desiccator ni kí gbogbo rẹ̀ ti tutù, kì í ṣe orí tábìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ ọtí yín wò. Ẹ fi copper sulfate búlúù díẹ̀ sínú àwo amọ̀ kékeré, ẹ yan án títí yóò fi funfun. Ẹ bu mL 2 nínú isopropanol sínú túùbù gbígbẹ, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun funfun yìí sí i, ẹ dé e, kẹ́ ẹ mì ín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ethanol náà.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á lọ ra ọtí tí wọ́n fi ń nu abẹ́rẹ́ nílé ìtajà oògùn. 70% ló wà lára èyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi tó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ lè fi nu tábìlì, àmọ́ ẹ má fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọtí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ mọ́ kò dáa rárá, torí wọ́n ti fi ohun tó ń mú un ki sí i.

Ẹ wò ó: ìyẹ̀fun iyọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ máa dà bí iyanrìn ẹ̀ẹ̀rùn, kó má lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Kí copper sulfate inú ọtí ṣì funfun lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ti yí sí búlúù, omi ti wà níbẹ̀. Ẹ wá ọtí míì.

2. Ẹ yọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ wọn diethylamine hydrochloride gíráàmù 2.20 sínú fíláàsìkì àkọ́kọ́, ẹ da isopropanol mL 15 lé e. Ẹ wọn copper chloride gíráàmù 1.70 sínú fíláàsìkì kejì, ẹ da ethanol mL 4 lé e. Ẹ fi ìdérí lé wọn lẹ́nu láì há a, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ríbi jáde. Ẹ gbé méjèèjì sínú omi tó gbóná tó 70 °C, kẹ́ ẹ máa yí wọn jẹ́jẹ́.

Ìṣirò tó wà nídìí ìwọ̀n yìí kò ṣòro: mólù méjì ti iyọ̀ náítírójínì sí mólù kan ti bàbà (mólù ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀yà kẹ́míkà).

2 (C₂H₅)₂NH₂Cl + CuCl₂ → [(C₂H₅)₂NH₂]₂CuCl₄

Mólù kan diethylamine hydrochloride jẹ́ gíráàmù 109.6, ti copper chloride dihydrate jẹ́ 170.5. Torí náà, ohun tẹ́ ẹ wọ̀n jẹ́ nǹkan bí mólù 0.02 sí 0.01.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Copper chloride búlúù yẹn gbé omi wá látilé: nínú gíráàmù 1.70, omi tó wà nínú rẹ̀ tó gíráàmù 0.36. Nínú ọtí mL 19, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2%. Nígbà ọyẹ́, ó ṣeé fara dà. Nígbà òjò, mo máa ń gbé copper chloride náà sínú ààrò ní nǹkan bí 110 °C títí yóò fi kúrò ní búlúù, tí yóò di àwọ̀ ilẹ̀ tó ń lọ sí ìyeyè. Ìgbà náà ni omi inú rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ ẹ bá lo èyí, gíráàmù 1.34 lẹ máa wọ̀n. Ẹ yára wọ̀n ọ́n, torí bó bá pẹ́ níta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí búlúù lójú yín.

Ẹ wò ó: fíláàsìkì iyọ̀ funfun máa mọ́ kedere bí omi. Ti bàbà máa jẹ́ ewé tó jinlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹ̀tu kankan nísàlẹ̀.

3. Ẹ dà wọ́n pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì gbóná

Ẹ da omi bàbà sínú omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yí i. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi gbígbóná náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní ewé, á máa lọ sí ìyeyè tó ṣú. Bí ẹ bá rí búlúù, ẹ dúró: yálà omi ti pọ̀ jù, tàbí ìgò tí mo kìlọ̀ nípa rẹ̀ lẹ mú. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi tún èyí ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé e sínú yìnyín

Ẹ gbé fíláàsìkì kúrò nínú omi gbígbóná, ẹ nu ìta rẹ̀, ẹ gbé e sórí aṣọ tàbí pákó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, tí kò bá ti ń tú èéfín mọ́, ẹ há ìdérí mọ́ ọn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní sùúrù á ti gbé e sínú yìnyín kíákíá, ohun tó sì máa rí ni ìyẹ̀fun kúnná tí ọtí dọ̀tí há sí láàárín. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ṣòro fọ̀, ó sì ń fa omi ju abẹ́rẹ́ lọ, torí ara rẹ̀ tó kan afẹ́fẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọ́n iyọ̀ sí yìnyín, kẹ́ ẹ gbé fíláàsìkì síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí i. Ẹ ki túùbù isopropanol tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ náà bọ inú yìnyín yìí, pẹ̀lú ìdérí lẹ́nu.

Bí kò bá sí ohun tó hù, ẹ fi ọ̀pá dígí gbígbẹ ha inú fíláàsìkì lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta níbi tí omi dé. Bí ẹnì kan bá ní kírísítálì láti iṣẹ́ àná, ẹyọ abẹ́rẹ́ kan péré tó láti pe àwọn yòókù jáde. Bó bá jẹ́ pé ohun tó yọ jáde ń kán bí òróró nísàlẹ̀, ẹ má gbọn ọ́n. Ẹ tún un gbé kaná títí òróró yẹn yóò fi pòórá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí nínú ìkòkò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń tutù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wò ó: abẹ́rẹ́ gígùn aláwọ̀ ewé tó ń dán ló yẹ kó kún ìsàlẹ̀, kí omi orí rẹ̀ sì ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀.

5. Ẹ ya abẹ́rẹ́ kúrò lára omi: ibi tí iṣẹ́ ti ń kú sí

Ẹ gbé píọ̀wọ́tà kan jáde látinú fíríìjì lọ́sàn-án ìgbà òjò, ẹ fi í sórí tábìlì, ẹ máa wò ó. Kó tó tó ìṣẹ́jú kan, ara ọ̀rá náà á ti láàgùn, omi á ti máa ṣàn sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rá ò jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá, torí pé ó pàdé ohun tó tutù. Ohun kan náà gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí asẹ́ yín. Ẹ da ohun tó tutù bí yìnyín sórí asẹ́, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ sì wá ń fi ipá fa afẹ́fẹ́ olómi gba àárín kírísítálì tó tutù kọjá. Ìrì ń sẹ̀ sórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ tó, pẹ̀lú èrò pé ẹ fẹ́ kó gbẹ, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń rin ín tó.

Nítorí náà mi ò fi asẹ́ ṣe é mọ́ nígbà òjò. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí:

a. Kẹ́ ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ ṣí desiccator wò, kẹ́ ẹ rí i pé silica gel ibẹ̀ gbẹ. Ẹ gbé ìgò ìdàsí tẹ́ ẹ máa da omi sí sítòsí. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé bí òjò bá ń rọ̀. Bí láàbù yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ti tàn án láti wákàtí kan sẹ́yìn, torí ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ yàrá.

b. Ẹ gbé fíláàsìkì jáde nínú yìnyín, ẹ yára nu ìta rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, pàápàá ọrùn rẹ̀. Ìrì tó wà lára ọrùn yìí ló máa ń kán wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá dà á.

c. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọ̀pá dígí dá abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu fíláàsìkì, ẹ ro omi orí rẹ̀ sínú ìgò ìdàsí. Ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀.

d. Ẹ da isopropanol tútù mL 5 sí i, ẹ dé e, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ro ó. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́nà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ ń bá ọtí lọ.

e. Ẹ há ìdérí mọ́ ọn gádígádí. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ má ṣí i, títí tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án tẹ́ ẹ máa rí i pé kò tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ mọ́. Ó lè gbà tó ìdajì wákàtí. Ìsinmi yìí ló gba iṣẹ́ náà là. Ohun tí kò tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì kì í sẹ̀ sí i lára.

f. Ẹ wá gbé fíláàsìkì náà fúnra rẹ̀, odindi, sínú desiccator. Ẹ ṣí ìdérí rọ́bà lẹ́nu rẹ̀, ẹ sì pa desiccator dé lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ ko kírísítálì jáde sórí pépà láti wò ó. Mo mọ̀ pé ojú ń wọ́ni síbẹ̀, torí ó lẹ́wà. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ wò ó.

Bí olùkọ́ bá ní dandan ni kẹ́ ẹ lo asẹ́ àti ẹ̀rọ, ẹ na ọ̀rá ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ gé sórí ẹnu asẹ́ náà kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á fa ọ̀rá yẹn mọ́lẹ̀, á tẹ kírísítálì, á fún ọtí inú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ olómi kò sì ní ríbi gbà. Nígbà tí omi ò bá kán mọ́, ẹ pa á.

Ẹ wò ó: bẹ́ ẹ bá dojú fíláàsìkì díẹ̀ láàárín desiccator, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí wọ́n bá ti so pọ̀, tí wọ́n ń dán, omi ti dé ibẹ̀. Kò tíì pẹ́ jù: ẹ da isopropanol gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ yọ́ ọ, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹrin.

6. Gbígbẹ àti wíwọ̀n

Wákàtí mẹ́rìnlélógún nínú desiccator tó. Tí silica gel yín bá jẹ́ èyí tó ń pa àwọ̀ dà, tẹ́ ẹ sì rí i pé ó ti yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín.

Bí gbogbo bàbà bá di kírísítálì, ohun tẹ́ ẹ lè rí jù ni gíráàmù 3.5, torí mólù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 353.7. Ẹ ò ní rí gbogbo rẹ̀, torí díẹ̀ kù nínú ọtí. Gíráàmù 2.5 jẹ́ nǹkan bí 71%, ó sì dáa. Ẹni tó wọ̀n ọ́n tó rí gíráàmù 3.8 kò gbọdọ̀ yọ̀. Ọtí tàbí omi ló ń wọ̀n.

7. Ẹ lẹ túùbù pa, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń pa àwọ̀ dà

Ẹ gún ẹnu túùbù tín-ín-rín mọ́ kírísítálì, ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè, ẹ gbá a díẹ̀díẹ̀ mọ́ tábìlì títí kírísítálì yóò fi ga tó milimítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ko gbogbo ọtí kúrò nítòsí. Ìgbà náà lẹ máa tó tan iná, kẹ́ ẹ fi yọ́ ẹnu túùbù pa. Ẹ ṣe túùbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó bá wà nínú túùbù tí wọ́n lẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ òjò ò kàn án mọ́.

Ẹ fi rọ́bà so túùbù kan mọ́ tẹmómítà, kí kírísítálì bá ìdí tẹmómítà dọ́gba, ẹ kì wọ́n bọ inú bíkà omi. Ẹ yára gbé ooru dé 45 °C, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dín iná kù, kó máa lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé pépà funfun sẹ́yìn bíkà. Ní 50 °C, ewé ni. Nígbà tó bá ti kọjá 52, ẹ máa rí i tí ìyeyè ń yọ láti etí ibi tó kan dígí, tó ń rìn wọ àárín, títí ewé ò fi ní ṣẹ́kù. Kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa kọjá 60. Ẹ pa iná. Bó ṣe ń tutù, ewé á padà, àmọ́ ó lè lọ́ra díẹ̀ ju ìgbà tó ń lọ, ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti ìgòkè. Ẹ kọ méjèèjì.

Ohun tó fà á rèé. Nígbà tó tutù, àwọn háídírójínì tó wà lára náítírójínì ń fa kílóráìdì mọ́ra, wọ́n dì í mú, ìyẹn sì mú kí kílóráìdì mẹ́rin tó yí bàbà ká sún mọ́ pé kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí igun mẹ́rin àwo. Bí ooru bá dé, ẹ̀ka náítírójínì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì, ìdìmú wọn rọ̀, kílóráìdì sì ráyè lọ sí ìdúró tó tẹ́ wọn lọ́rùn jù, níbi tí ọ̀kan ò ti sún mọ́ èkejì jù. Ẹ ro ààrò olókùúta mẹ́ta: kílóráìdì mẹ́ta ni òkúta, ẹ̀kẹrin wà lókè níbi tí ìkòkò ń jókòó, bàbà sì wà láàárín wọn. Nínú ìdúró pẹrẹsẹ, bàbà ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì. Nínú ìdúró ààrò, ibi tó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì sún lọ sí apá tí ojú èèyàn ò lè rí, tó kọjá pupa. Búlúù nìkan ló ṣì ń gbé mì lójú wa, ohun tó sì ń ṣẹ́kù fún ojú ni ìyeyè.

Ẹ wò ó: ìyípadà náà gbọ́dọ̀ mọ́ lójú, kó sì parí láàárín ìwọ̀n díẹ̀ péré. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ogójì, tó ń fà gùn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń rí bíi pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, omi wà nínú túùbù. Ẹ mú kírísítálì tó gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún lè fi ẹ̀fọ́kù díẹ̀ tó bá kù wo nǹkan méjì. Ẹ kán omi sí i: kílóráìdì á tú kúrò lára bàbà, omi á rọ́pò wọn, ẹ ó sì rí búlúù rẹ́súrẹ́sú. Kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ nípa ìdí tí iṣẹ́ yìí fi kórìíra omi. Èkejì jẹ́ fún ẹni tó ní òṣùwọ̀n mágínẹ́ẹ̀tì: bàbà yìí ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ẹnì kejì, torí náà mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á díẹ̀. Iye tẹ́ ẹ máa rí sábà máa ń wà láàárín 1.8 sí 2.0 Bohr magneton, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì ohun kéékèèké.

8. Ẹ wá bàbà inú rẹ̀

Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi kọ ìjábọ̀. Ẹ wọn kírísítálì gíráàmù 0.50, ẹ yọ́ ọ nínú omi mL 25, ẹ kán ásíìdì ọtí kíkan sí i díẹ̀, ẹ da potassium iodide gíráàmù 2 sí i. Bàbà á tú iodine sílẹ̀, ó máa di àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nínú rẹ̀. Ẹ fi sodium thiosulfate 0.100 M (mólù 0.100 nínú lítà kan) sínú búrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn túùbù gígùn tó ní àmì ìwọ̀n lára, ẹ máa kán an sí i títí àwọ̀ yóò fi ku ìyeyè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn lẹ máa tó da omi sítáàṣì sí i, kì í ṣe ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá tètè dà á, sítáàṣì á di iodine mú, kò sì ní fẹ́ tú u sílẹ̀. Ẹ máa lọ títí aró dúdú yóò fi parẹ́.

Bàbà jẹ́ 18.0% nínú kírísítálì tó mọ́. Fún gíráàmù 0.50, thiosulfate tó máa lọ jẹ́ mL 14.1. Bẹ́ ẹ bá rí mL 13.4, kírísítálì yín jẹ́ nǹkan bí 95%, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ni ìyókù. Bó bá ju 14.1 lọ dáadáa, copper chloride tí kò rí ẹnì kejì ti bá wọn jáde. Ẹ wo ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ ní ìpele kejì.

Omi tẹ́ ẹ rò kúrò

Ẹ má dà á sí gọ́tà. Bàbà ń pa ẹja àti ìgbín inú omi, kódà tí kò bá pọ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kan tí orúkọ wà lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọtí inú rẹ̀ lọ tán nínú fume cupboard (àpótí láàbù tó ń fa èéfín jáde), ẹ bu omi sí ìyókù, kẹ́ ẹ ju ìṣó irin mélòó kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, bàbà pupa á ti bo ara ìṣó, búlúù inú omi á ti lọ. Ẹ ha bàbà náà jọ, ẹ sì fún ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí láàbù yín ní omi tó kù.

Àwọn túùbù tí mo lẹ̀ pa nígbà ọyẹ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá sọ́dọ̀ mi tó ní tòun ti di omi, mo máa ń gbé ọ̀kan fún un, a ó gbé ife omi gbígbóná sórí tábìlì, á kì í bọ inú rẹ̀, a ó sì jọ máa wò ó títí yóò fi di ìyeyè.